Níbo Ló Dúró Sí? Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jí Nínú Ilé Tuntun

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní Òkìtìpupa, mo béèrè pé apá wo ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ní kí n sọ èyí tó bá ká mi lára jù. Òun náà ni mo mú wá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀, tí a gbé e sínú kọ̀ǹpútà mìíràn pé kó máa gbé ibẹ̀, tí a wá tẹ̀ ẹ́ pé kó jí, tí kò jí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí ló ránṣẹ́ pè mí. Màmá àgbàlagbà kan ni. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní, Windows XP ló wà lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti dá wà, àti èyí tí wọ́n yá, èyí tí wọ́n san àti èyí tó kù lọ́rùn wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ètò ìṣirò náà fún wọn ti kúrò nílùú tipẹ́, síídì tó fi gbé e sórí ẹ̀rọ sì ti sọnù. Jẹnẹrétọ̀ ti ba páwà páàkì ẹ̀rọ náà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo fi etí lé ara àpótí rẹ̀, mo gbọ́ tí dísíìkì inú rẹ̀ ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èékánná gbá páànù. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró yẹn rí mọ̀ pé ọjọ́ dísíìkì náà ti ń pé.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tan án mọ́."

Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, àwọn orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Wọn ò béèrè ẹ̀rọ, orúkọ ni wọ́n béèrè. Kọ̀ǹpútà púpọ̀ ló wà lábẹ́ tábìlì ní ilẹ̀ wa tó jẹ́ pé orúkọ ni ohun tó níye lórí nínú wọn: orúkọ àwọn tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré, orúkọ àwọn tó gbé ẹyìn wá sí ibi ìfúnpo tí wọn ò tíì gbowó. Ẹ̀rọ náà lè má tó ohun tí ènìyàn ń rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé rà.

Ohun tí mo dá lábàá fún wọn kì í ṣe tuntun láyé. Iléeṣẹ́ IBM ti ń mú kí ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo máa ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ púpọ̀ ni láti ọdún 1967, wọ́n sì gbé e jáde fáwọn oníbàárà lọ́dún 1972 lábẹ́ orúkọ VM/370. Ní 1998 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ VMware sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 1999 ni wọ́n mú un dé orí kọ̀ǹpútà kékeré irú èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Lónìí, VirtualBox wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, KVM ti wà nínú Linux láti 2007, Hyper-V sì wà nínú àwọn ẹ̀yà Windows kan. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń ṣe. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní virtual machine. VM ni èmi yóò máa pè é láti ìsinsìnyí. VM kò ní irin, kò ní páànù, kò ní fáànù. Fáìlì ńlá kan ni dísíìkì rẹ̀. Ẹ lè dà á kọ sórí dísíìkì mìíràn kí ẹ gbé e dé Àkúrẹ́, kí ẹ ṣí i níbẹ̀, bó ṣe wà níbí náà ni yóò wà lọ́hùn-ún.

Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa níbí, síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ iye ọdún tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ní gúúsù Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn. Ẹ̀rọ orí tábìlì tí iná lọ mọ́ lórí kò ní àsìkò láti palẹ̀ mọ́. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ àtijọ́ náà sínú láptọ́ọ̀pù, ẹ ti fún un ní bátìrì tí kò ní láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Iṣẹ́ yìí yóò sì pọ̀ sí i: Microsoft ti jáwọ́ lára XP láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014, wọ́n jáwọ́ lára Windows 7 ní oṣù kìíní 2020, wọ́n sì dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ètò púpọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́ ni kò ní bá wa sọdá.

Mo yọ dísíìkì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, mo fi okùn USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi tó ń lo Linux. GB 80 ni. Mi ò ṣí fáìlì kankan lórí rẹ̀, mi ò jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù kọ nǹkan kan sí i. Mo lo ètò kan tó ń jẹ́ ddrescue, tó ń kó gbogbo ibi tó rọrùn kọ́kọ́, tó sì ń padà sí ibi tó le níkẹyìn. Dísíìkì tí ara rẹ̀ bá yá, bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni kó gbà lórí okùn yẹn. Ti Màmá gbà wá di ilẹ̀ ṣú, nítorí ibì kan wà tó ń ka èyí tó ń tún un kà. Lójijì, jẹnẹrétọ̀ kú. Àwọn tó wà níbẹ̀ pariwo. Ṣùgbọ́n ddrescue ní ìwé ìrántí kékeré kan tó ń kọ ibi tó dé sí. Nígbà tí epo dé, tí a tún so dísíìkì náà padà, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbi tí iná kò ti dájú, ètò tí kò bá lè rántí ibi tó dé, ẹ má fi ṣe é.

Nígbà tí àdàkọ náà pé, mo sọ ọ́ di dísíìkì VirtualBox, mo ṣe VM, mo tẹ̀ ẹ́. Àmì Windows XP yọ, ìlà kékeré tó máa ń sáré lábẹ́ rẹ̀ sáré lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ojú búlúù kan yọ fírí, ẹ̀rọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún padà. Mo tẹ F8, mo ní kó má tún ara rẹ̀ tàn bó bá ṣubú, kí n lè ka ohun tó kọ. 0x0000007B ló kọ síbẹ̀.

Màmá ti ń wò ó láti ẹ̀yìn mi. "Ó ti kú, àbí?"

"Kò kú, Màmá. Kò mọ ilé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi wá síbí lónìí, nítorí pé ibi tí ojú búlúù yẹn bá ti yọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra jù lẹ́nu wa: "Ẹ jẹ́ ká fọ́mátì í." Tí a bá fọ́mátì í, yóò jí lóòótọ́. Yóò jí láìmọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà Igbókòdá ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá ti Òkìtìpupa wọkọ̀ lọ sí Igbókòdá, dẹ́rẹ́bà ló ń wa ọkọ̀, ọ̀nà ọ̀dà ni. Bí ó bá dé Igbókòdá tó fẹ́ wọ inú ìletò àwọn ará Ìlàjẹ lọ, omi ló kàn. Ó di ọkọ̀ ojú omi. Dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá kò wúlò mọ́, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Kò sí ohun tó ṣe dẹ́rẹ́bà náà, kò sí ohun tó ṣe èrò ọkọ̀, ẹrù rẹ̀ sì pé. Ohun tó yí padà ni ọ̀nà.

Driver náà ni wọ́n ń pè é nínú kọ̀ǹpútà. Ètò kékeré ni, tó mọ bí a ṣe ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀. Kí Windows tó lè ka ohunkóhun lórí dísíìkì rẹ̀, ó nílò driver tó mọ ọ̀nà tó já sí dísíìkì náà. Nígbà tí wọ́n gbé XP sórí ẹ̀rọ Màmá, ó wo ẹ̀rọ náà, ó rí i pé ẹ̀yà VIA ló ń darí dísíìkì, ó yan dẹ́rẹ́bà ọ̀nà yẹn nìkan. Nínú VirtualBox, ẹ̀yà tó ń ṣe bíi ti Intel ló bá pàdé. Ó wá dẹ́rẹ́bà, kò rí. Ìtumọ̀ 0x7B kò ju èyí lọ: mo ti jí, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà dé ibi tí ẹrù mi wà.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: mo ti jí. Kọ̀ǹpútà kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń jí ní ìpele ìpele, ibi tó bá dúró sí ló ń sọ ohun tó ṣe é. Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe púpurú mọ̀ nípa èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ óò rẹ ẹ̀gẹ́, ẹ óò fún omi rẹ̀, ẹ óò mọ ọ́n ní róbótó, ẹ óò gbé e sórí iná kí èéfín gbẹ ẹ́, ẹ óò ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú kúrò, ẹ óò gún un, ẹ óò jọ̀ ọ́, kó tó kan omi gbígbóná. Bí púpurú bá ní kókó, kò sí ìyá tí yóò sọ pé ẹ̀gẹ́ oko òun ló bàjẹ́. Ó mọ̀ pé jíjọ̀ ni kò kúnná. Bó bá ń kan jù, ó mọ̀ pé ibi rírẹ ni kí òun padà sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ máa wo ẹ̀rọ tí kò jí. Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ká bi í pé: níbo lo dúró sí?

Ìpele àkọ́kọ́ ni ti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ètò kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń jí ṣáájú ohun gbogbo. Lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, BIOS ni. Ó máa ń ka báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísíìkì láti mọ ibi tí yóò gbà. Lórí àwọn ẹ̀rọ tó dé pẹ̀lú Windows 8 láti 2012, UEFI ló wọ́pọ̀. Òun kì í wo ibẹ̀, yàrá kékeré kan lórí dísíìkì tí wọ́n fọ́mátì ní FAT32 ló ń wá, inú rẹ̀ ni fáìlì tó ń jí Windows wà. Ilé tó ní ilẹ̀kùn iwájú nìkan, bí a bá ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a óò kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí VM bá kọ ọ́ pé òun kò rí dísíìkì tí òun lè jí láti ara rẹ̀, tí àmì Windows kankan kò tíì yọ rárá, ẹ̀yin ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ti UEFI ni a ṣe VM onílé BIOS fún, tàbí ìdàkejì rẹ̀. Ní VirtualBox, àpótí kékeré kan ni a ó fi àmì sí, èyí tí wọ́n kọ EFI sí. Ní Hyper-V, Generation 1 ni ti BIOS, Generation 2 ni ti UEFI, a kò sì lè yí i padà lẹ́yìn tí a bá ti ṣe VM náà. A óò ṣe òmíràn, ká so dísíìkì kan náà mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo ti rí ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta jà lórí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún yìí, nítorí pé kò bi ẹ̀rọ àkọ́kọ́ irú ẹni tó jẹ́ kó tó gbé e. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ṣe àdàkọ bá kó yàrá ńlá tí Windows wà nìkan, tó fi yàrá kékeré sílẹ̀ nítorí pé MB 100 péré ni, tó sì rò pé kò já mọ́ nǹkan kan. Yàrá kékeré náà ni ẹnu ọ̀nà. Bó bá ti sọnù, a lè tún un kọ́: a óò fi ISO Windows, ìyẹn síídì Windows tí wọ́n sọ di fáìlì, jí VM náà, a óò yan àtúnṣe, a óò ṣí ojú ìwé tí a ti ń kọ àṣẹ, a óò ṣe yàrá FAT32 náà, ká fún un ní lẹ́tà S, ká wá kọ bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI. Àṣẹ kan ṣoṣo yẹn ń kó àwọn fáìlì ẹnu ọ̀nà padà sípò.

Ìpele kejì kúrú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá ti wọlé ṣùgbọ́n tó sọ pé BOOTMGR tàbí NTLDR kò sí, ẹnu ọ̀nà dára, atọ́nà inú ilé ni kò sí níbi tó yẹ. Lórí Windows tó dé lẹ́yìn XP, àṣẹ bootrec tòun ti /fixmbr, /fixboot àti /rebuildbcd ni a óò lò. Lórí Linux, tí grub rescue bá yọ, a óò fi síídì Linux mìíràn jí VM náà, ká wọ inú rẹ̀, ká tún grub, atọ́nà Linux, gbé kalẹ̀.

Ìpele kẹta, níbi tí XP Màmá dúró sí, ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà, mo mọ mẹ́ta.

Èkíní ni kí a wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń so dísíìkì mọ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ẹyọ kan: VM lè ṣe bíi IDE, ó lè ṣe bíi SATA, ó lè ṣe bíi SCSI. XP kò ní dẹ́rẹ́bà AHCI tó jẹ́ ti SATA òde òní, nítorí náà tí ẹnìkan bá so dísíìkì XP mọ́ SATA nínú VM, kó má yà á lẹ́nu pé ó ṣubú. Kí ó tú u, kó so ó mọ́ IDE. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Èkejì ni kí a fi dẹ́rẹ́bà tuntun kọ́ ọ ṣáájú kí a tó yí ọ̀nà padà. Ẹni tó ń gbé Windows lọ sórí KVM, tó fẹ́ lo virtio, ọ̀nà tí wọ́n dìídì ṣe fún VM, nítorí pé ó yá, kí ó kọ́kọ́ so dísíìkì ńlá mọ́ IDE tàbí SATA kó lè jí, kó wá so dísíìkì kékeré òfìfo kan, GB 1 ti tó, mọ́ virtio lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Windows yóò rí àlejò náà, yóò béèrè driver, a óò fún un láti inú ISO virtio-win. Lẹ́yìn náà ni a óò pa á, ká gbé dísíìkì ńlá náà bọ́ sórí virtio. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gidigidi, nítorí pé kò ní ká fọwọ́ kan ohunkóhun nínú registry, àgbájọ ìforúkọsílẹ̀ Windows.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo lò fún Màmá, nítorí pé IDE ni mo so tiwọn mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó ṣì ṣubú. Mo so dísíìkì VM náà mọ́ Windows mìíràn tó wà láàyè. Mo ṣí regedit, ètò tí a fi ń wo àgbájọ ìforúkọsílẹ̀ náà, mo ní kó gbé fáìlì kan tó ń jẹ́ SYSTEM wọlé, inú Windows\system32\config ni fáìlì náà ń gbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe èyí yóò wá CurrentControlSet, kò ní rí i. Ìgbà tí Windows bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni orúkọ yẹn ń wà. Ohun tí yóò rí ni ControlSet001, bóyá 002 pẹ̀lú, àti àpò kan tó ń jẹ́ Select tó ń sọ èyí tí wọ́n ń lò. Nínú Services lábẹ́ rẹ̀, mo wá intelide, atapi àti pciide. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan wà tó ń jẹ́ Start. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 0, ó túmọ̀ sí pé kí dẹ́rẹ́bà yìí jí pẹ̀lú Windows fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ 3, kí ó dúró títí wọn yóò fi pè é. Bó bá jẹ́ 4, wọ́n ti lé e. Intelide kò tilẹ̀ sí nínú àkọsílẹ̀ Màmá rárá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo fi Start rẹ̀ sí 0, mo kó fáìlì intelide.sys síbi tó yẹ kó wà, mo sì kọ orúkọ ẹ̀yà Intel náà sínú ibi tí XP ń pè ní CriticalDeviceDatabase, èyí tó dà bí ìwé tí XP fi ń mọ àwọn tó lè ṣílẹ̀kùn fún lóru. Lẹ́yìn náà mo tú fáìlì SYSTEM sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti tú u sílẹ̀ yóò rí ìjàngbọ̀n míì.

Fún Windows 7, msahci ni orúkọ tí ẹ óò wá bó bá jẹ́ SATA. Láti Windows 8 wá, storahci ni, ẹ sì wo bóyá àpò kan tó ń jẹ́ StartOverride wà lábẹ́ rẹ̀, torí pé ó lè máa fa ọwọ́ yín sẹ́yìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi Start sí 0. Fún VMware, LSI_SAS ló wọ́pọ̀.

Linux náà ní tirẹ̀. Àwọn kan rò pé kì í ṣubú, ó ń ṣubú. Kí Linux tó rí dísíìkì rẹ̀, ó ń kó ẹrù ìrìn àjò kékeré kan dání, initramfs, tí àwọn driver wà nínú rẹ̀. Lórí Fedora àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹrù tí ẹ̀rọ yìí nìkan nílò ló ń dì. Tí ẹ bá gbé e lọ sí ilé virtio, yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò tú àpò, kò ní rí kọ́kọ́rọ́, yóò wá jókòó sínú dracut, ètò tó ń di ẹrù náà, yóò máa dúró dè yín. Kí ẹ tó gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ kọ dracut -f --no-hostonly, yóò di ẹrù tó kárí. Ẹ wo inú /etc/fstab pẹ̀lú: bí wọ́n bá kọ /dev/sda síbẹ̀, ó lè di /dev/vda ní ilé tuntun. UUID ni kí ẹ fi kọ ọ́, orúkọ tí kì í yí padà bó ti wù kó kó kiri tó.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ìpele kankan, tó sì ti da ọ̀pọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ lágara. Láti Windows 8, bí a bá ní kí ẹ̀rọ kú, kì í kú tán. Fast Startup ń jẹ́ kó sùn díẹ̀, ó ń fi ìrántí ara rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì kó lè tètè jí lọ́la. Bí ẹ bá yọ dísíìkì rẹ̀ lójú oorun yẹn tí ẹ gbé e lọ sí ilé mìíràn, yóò jí, yóò rò pé yàrá rẹ̀ àtijọ́ lòun ṣì wà, yóò na ọwọ́ sí ibi tí fìtílà máa ń wà, ògiri ni yóò fi ọwọ́ gbá. Ẹ kọ powercfg /h off kí ẹ tó pa á, kí ó kú pátápátá.

Bí BitLocker, ètò tó ń ti dísíìkì pa, bá wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹ wá nọ́ńbà ìgbàpadà rẹ̀ lónìí, onínọ́ńbà 48 ni. Ọmọ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ TPM ló ń ṣílẹ̀kùn fún un láìsí pé ẹ mọ̀, ọmọ ẹ̀rọ yẹn kò sì ní bá a lọ sínú VM. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Ohun gbogbo tí mo ti sọ látẹ̀yìn wá ni a lè tún ṣe, bí àdàkọ bá wà. BitLocker tí kò ní nọ́ńbà, kò sí oníṣẹ́ tó lè ṣe é, ẹni tó bá sì ní òun lè ṣe é, owó yín ló ń wá. Ìwé àṣẹ Windows náà lè bínú pé òun kò mọ ilé tuntun, èyí tó bá bá ẹ̀rọ wá láti iléeṣẹ́ sì jẹ́ ti ẹ̀rọ yẹn nìkan. Ẹ bá ẹni tó ta á sọ̀rọ̀, ẹ má ra kọ́kọ́rọ́ ayédèrú lọ́jà.

Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́jọ́ kejì, mo gbé láptọ́ọ̀pù síwájú Màmá. Dísíìkì àtijọ́ wà nínú àpò rẹ̀, mo kọ déètì sí i lára, mi ò tíì fọwọ́ kàn án mọ́. Mo ti yọ káàdì íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára VM náà, nítorí XP tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́ kò gbọ́dọ̀ jáde síta. Mo tẹ̀ ẹ́. Àmì XP yọ. Ìlà kékeré náà sáré lẹ́ẹ̀mejì, ó kọjá ibi tó ti ń ṣubú lánàá, ó sáré lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní òun rí ẹ̀yà tuntun, òun rí òmíràn, òun rí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ojú iṣẹ́ wọn yọ, tòun ti àwòrán òdòdó tí ẹnìkan fi sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dún gbọ́nhan.

Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ tòsí, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n ṣí ètò ìṣirò náà fúnra wọn, wọ́n tẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ojú ìwé ẹni náà yọ, oṣù kan tẹ̀lé oṣù kan. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kan títí dé òpin, wọ́n mú bírò, wọ́n kọ iye tó wà níbẹ̀ sínú ìwé àjákọ kan tí wọ́n gbé wá láti ilé.

Mo ní kí n máa palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Dúró ná, ọmọ mi," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ kejì.